Bí A Ṣe Ń Dáàbò Bo Ẹni Tó Kọ Lẹ́tà àti Ẹni Tó Gbà Á Nínú Ímeèlì Àìlórúkọ

Nígbà tí àwọn baba wa ń fi àrokò ránṣẹ́ sí ara wọn, ẹni tó gbé àrokò náà lè má mọ ìtumọ̀ rẹ̀ rárá. Wọ́n lè so owó ẹyọ mẹ́fà mọ́ okùn, kí wọ́n fi ewé wé e, kí ìránṣẹ́ sì gbé e gba àárín ọjà kọjá láìmọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni òun gbé dání. Ṣùgbọ́n gbogbo ọjà ló rí ìránṣẹ́. Wọ́n mọ agbolé tó ti jáde, wọ́n sì rí agbolé tó wọ̀. Ọ̀rọ̀ inú àrokò wà ní ìpamọ́, ṣùgbọ́n àwọn méjì tó ń bára wọn sọ̀rọ̀ wà ní gbangba. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìṣe lórí ímeèlì lónìí gan-an nìyẹn. Wọn á fi kọ́kọ́rọ́ ti ọ̀rọ̀ wọn, wọn á sì rò pé àwọn ti fara pamọ́, bẹ́ẹ̀ ìlà tó sọ ẹni tó kọ lẹ́tà àti ẹni tí a kọ ọ́ sí wà níta, níbi tí gbogbo ẹ̀rọ tó gbé e kọjá ti lè kà á.

Mo ń kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún ẹni tó ní ìdí pàtàkì láti kọ lẹ́tà láìfi orúkọ sí i: òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ tó rí ìwé owó kànga tí ẹnikẹ́ni kò gbẹ́, tó sì fẹ́ kí akọ̀ròyìn gbọ́; obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ń lù, tó fẹ́ béèrè ìmọ̀ràn lọ́wọ́ agbẹjọ́rò; nọ́ọ̀sì tó mọ̀ pé oògùn ilé ìwòsàn ń gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Mo ń kọ ọ́ fún akọ̀ròyìn àti agbẹjọ́rò náà pẹ̀lú, nítorí pé ẹni tó gba lẹ́tà lè tú ẹni tó kọ ọ́ fó láìmọ̀. Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun yòókù, ẹ má gbàgbé èyí: kò gbọdọ̀ sí ẹnì kan tàbí ẹ̀rọ kan lójú ọ̀nà tó mọ ẹni tó kọ lẹ́tà, tó tún mọ ẹni tí a kọ ọ́ sí. Gbogbo ìgbésẹ̀ tí mo máa sọ, orí ìpìlẹ̀ yẹn ni wọ́n dúró lé.

Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí lẹ́tà lásán ń sọ nípa yín. Ẹ ṣí Gmail lórí kọ̀ǹpútà, ẹ mú lẹ́tà kan tí ẹnì kan kọ sí yín, ẹ tẹ àmì tóótó mẹ́ta tó wà lápá ọ̀tún rẹ̀, kí ẹ sì yan "Show original". Ọ̀pọ̀ ìlà tí a kì í sábà rí ni yóò jáde. Àwọn ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Received" ni òǹtẹ̀ tí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan tó gbé lẹ́tà náà lù ú lára, ìsàlẹ̀ ni a sì ti ń kà wọ́n lọ sókè, nítorí pé èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ló sún mọ́ ẹni tó kọ lẹ́tà jù. Nígbà mìíràn ẹ óò rí nọ́ńbà IP (nọ́ńbà tí íńtánẹ́ẹ̀tì fi ń dá ibi tí ẹ̀rọ kan ti wọlé mọ̀) ilé tàbí ọ́fíìsì rẹ̀ níbẹ̀, tàbí nínú ìlà mìíràn tí wọ́n ń pè ní "X-Originating-IP". Ìlà "Date" lè parí sí +0100. Nọ́ńbà kékeré yẹn ń sọ pé aago ẹ̀rọ tí a fi kọ lẹ́tà náà fi wákàtí kan ṣáájú aago Greenwich, bí ó ti rí ní Nàìjíríà àti ní Benin. Ní Tógò, +0000 ni ì bá jẹ́. Bí ẹnì kan bá sọ pé London ni òun ti ń kọ̀wé ní oṣù Kìíní, tí lẹ́tà rẹ̀ sì gbé +0100 wá, ìlà kan ṣoṣo yẹn ti tó láti jẹ́ kí a máa wò ó lójú mìíràn.

Nọ́ńbà IP kì í ṣe orúkọ, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó lọ sídìí orúkọ kò jìn. Ilé-iṣẹ́ tó ń ta détà fún yín lè mọ síìmù tó lo nọ́ńbà náà ní wákàtí náà, láti oṣù Kejìlá ọdún 2020 tí ìjọba Nàìjíríà sì ti pàṣẹ pé kí a so gbogbo síìmù mọ́ NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè, ẹni tó bá ti mọ síìmù yín lè mọ orúkọ yín, ojú yín àti ọjọ́ ìbí yín. Ìdí nìyí tí àkáǹtì ímeèlì tí ẹ fi nọ́ńbà fóònù yín ṣí kò fi lè jẹ́ àìlórúkọ, bó ti wù kí orúkọ tí ẹ kọ síbẹ̀ jìnnà sí tiyín tó.

Ó ti pẹ́ tí àwọn ènìyàn ti ń wá ojútùú sí èyí. Ní ọdún 1993, Johan Helsingius, ọmọ ilẹ̀ Finland, gbé ẹ̀rọ kan kalẹ̀ tó ń jẹ́ anon.penet.fi. Bí ẹnì kan bá fi lẹ́tà gba ibẹ̀, ẹ̀rọ náà á yọ orúkọ àti àdírẹ́sì rẹ̀ kúrò, á fi nọ́ńbà rọ́pò wọn, á sì fi lẹ́tà náà ránṣẹ́. Bí ẹni tó gbà á bá fèsì, ẹ̀rọ náà á fún òun náà ní nọ́ńbà tirẹ̀, àwọn méjèèjì á sì máa bára wọn sọ̀rọ̀ láìmọ ara wọn. Ó lé ní 500,000 ènìyàn tó lò ó. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀rọ náà tó lè mọ ilé tí èsì ń lọ, ó ní láti tọ́jú ìwé kan sínú, tí a kọ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ àdírẹ́sì gidi tó ni ín. Ní oṣù Kejì ọdún 1995, lẹ́yìn tí Ìjọ Scientology fẹjọ́ sùn pé ẹnì kan ti gba ibẹ̀ gbé ìwé àwọn jáde, àwọn ọlọ́pàá Finland mú ìwé àṣẹ dé, Helsingius sì ní láti fún wọn ní àdírẹ́sì ẹni náà. Nígbà tó di oṣù Kẹjọ ọdún 1996, ó kéde pé òun ti ẹ̀rọ náà pa. Mi ò dá ọkùnrin náà lẹ́bi. Ìwé tó wà nínú ẹ̀rọ rẹ̀ ni mo dá lẹ́bi, nítorí pé níwọ̀n ìgbà tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ bá ti wà, alágbára lè fi tipátipá gbà á, olè sì lè jí i, kódà bí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ bá jẹ́ olóòótọ́ dé ọ̀run.

Èrò tó sàn ju èyí lọ ti wà lákọsílẹ̀ kí ẹ̀rọ Finland tó dé. Lọ́dún 1981 ni David Chaum, ará Amẹ́ríkà, ti ṣàlàyé bí lẹ́tà ṣe lè gba ọwọ́ ẹ̀rọ púpọ̀ láìsí èyí tó mọ gbogbo ìtàn. Ẹ fojú inú wo àpòòwé mẹ́ta tí ọ̀kan wà nínú èkejì, tí kọ́kọ́rọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ti olúkúlùkù wọn. Ẹ̀rọ kìíní ṣí àpòòwé òde, ó rí àdírẹ́sì ẹ̀rọ kejì, kò rí ohun mìíràn. Ẹ̀rọ kejì ṣí tirẹ̀, ẹ̀rọ kẹta ló rí. Ẹ̀rọ kẹta ló wá rí àdírẹ́sì ẹni tí a kọ̀wé sí, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹ̀rọ kejì ló ti gba lẹ́tà náà, kò sì mọ ibi tó ti ṣẹ̀ wá. Eric Hughes àti Hal Finney bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1992. Lẹ́yìn náà ni Lance Cottrell ṣe Mixmaster, tó fi ohun méjì kún un: ó sọ gbogbo lẹ́tà di ìwọ̀n kan náà, ó sì ń dá wọn dúró, ó ń pò wọ́n pọ̀, kí ó tó rán wọn jáde ní ètò tó yàtọ̀ sí bí wọ́n ṣe wọlé. Ohun méjèèjì ṣe pàtàkì gidigidi. Bí ẹnì kan bá gbé igbá pupa wọ ọjà, tí igbá pupa kan ṣoṣo sì gba ẹnubodè kejì jáde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹni tó ń ṣọ́ ẹnubodè méjèèjì kò nílò láti wo inú igbá kó tó mọ̀ pé ẹnì kan náà ni.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹ̀rọ penet àti Mixmaster hàn kedere ní oṣù Kẹrin ọdún 2012, nígbà tí àwọn FBI gbé kọ̀ǹpútà kan tó ń ṣiṣẹ́ Mixmaster lọ ní New York, níbi tí wọ́n ti ń wá ẹni tó ń kọ lẹ́tà ìhàlẹ̀ bọ́ǹbù sí Yunifásítì Pittsburgh. Ẹni tó ń fi irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ dẹ́rù ba ọmọlọ́mọ, ọ̀daràn ni, mi ò kọ ohun tí mò ń kọ yìí fún un. Ṣùgbọ́n ohun tó yẹ kí a kíyè sí ni pé Mixmaster kì í tọ́jú ìwé orúkọ bíi ti penet: gbígbé ẹ̀rọ náà lọ kò lè ṣí àṣírí àwọn òṣìṣẹ́ àti oníròyìn tí wọ́n ti fi lẹ́tà gba inú rẹ̀ kọjá.

Àwọn ẹ̀rọ Mixmaster tó ṣẹ́ kù lónìí kò pọ̀, ibi tí àwọn ènìyàn kò bá sì pọ̀ sí, kò sí ibi tí ẹnì kan lè fara pamọ́ sí láàárín wọn. Nítorí náà, ohun tí mo máa ń sọ fún ẹni tó bá bi mí ni pé kí ó lo Tor, ètò tó ń mú ènìyàn gba ọwọ́ ẹ̀rọ púpọ̀ kọjá lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí ó sì ní àkáǹtì kan tí kò ní lò fún ohun mìíràn láéláé. Ẹ gba Tor Browser láti torproject.org, kì í ṣe láti ọwọ́ ẹni tó fi ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp. Ẹ̀rọ mẹ́ta ni Tor náà ń gbà: èkíní mọ yín, kò mọ ibi tí ẹ ń lọ, ẹ̀kẹta mọ ibi tí ẹ ń lọ, kò mọ yín. Ó tún ń fi aago UTC, ìyẹn aago Greenwich, bo aago ilẹ̀ yín mọ́lẹ̀. Inú Tor yìí ni kí ẹ ti ṣí àkáǹtì ímeèlì tuntun lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tí kò béèrè nọ́ńbà fóònù. Bí wọ́n bá béèrè rẹ̀, tàbí tí wọ́n béèrè ímeèlì yín àtijọ́ láti fi gba páásíwọ́ọ̀dù padà, ẹ jáde níbẹ̀ kí ẹ sì wá ibòmíràn.

Ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé ìlérí ilé-iṣẹ́ ímeèlì nìkan, bó ti wù kí ó dára tó. Ní ọdún 2021, àwọn aláṣẹ Switzerland pàṣẹ fún Proton Mail pé kí ó máa kọ nọ́ńbà IP tí wọ́n fi ń wọ àkáǹtì kan sílẹ̀, nítorí ìwádìí tí àwọn ọlọ́pàá Faransé ń ṣe lórí àwọn ajìjàgbara tó ń jà fún ọ̀ràn ojú ọjọ́. Ilé-iṣẹ́ náà ní láti tẹ̀ lé òfin. Ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà wà ní títì, nọ́ńbà IP kò sí ní títì. Bí ẹni tó ni àkáǹtì bá ń gba Tor wọlé nígbà gbogbo, láti ọjọ́ tó ti ṣí i, nọ́ńbà ẹ̀rọ Tor nìkan ni ẹnikẹ́ni á rí. Bó bá sì gba détà fóònù rẹ̀ wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nítorí pé ó ń kánjú láti mọ̀ bóyá èsì ti dé, ẹ̀ẹ̀kan yẹn ti tó.

Ibi tí ẹ jókòó sí náà ń sọ̀rọ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2013, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yunifásítì Harvard fi ìhàlẹ̀ bọ́ǹbù ránṣẹ́ gba Guerrilla Mail, ibi tí a ti ń gba ímeèlì onígbà díẹ̀, kọjá nínú Tor, kó lè bọ́ lọ́wọ́ ìdánwò. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì yunifásítì náà ló fi ṣe é. Àwọn olùwádìí kò ní láti já Tor rárá. Wọ́n kàn wo ẹni tó lo Tor lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà ní wákàtí tí lẹ́tà náà jáde, ọwọ́ sì tẹ̀ ẹ́. Ohun tó tọ́ sí i ló gbà, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ kan aláìṣẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ má ṣe lo kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tàbí Wi-Fi ọ́fíìsì láti tú àṣírí ọ́fíìsì náà. Ẹ jìnnà síbẹ̀, ẹ fi fóònù yín sílé, kí ẹ sì jẹ́ kí ọjọ́ mélòó kan kọjá láàárín ìgbà tí ẹ rí ìwé náà àti ìgbà tí ẹ rán an, nítorí pé lẹ́tà tó dé lálẹ́ ọjọ́ ìpàdé kan ń tọ́ka sí àwọn tó jókòó nípàdé náà.

Ẹ yẹ ohun tí ẹ so mọ́ lẹ́tà wò dáadáa. Fọ́tò tí ẹ fi fóònù yà lè gbé ibi tí ẹ dúró sí àti irú fóònù náà sínú ara rẹ̀, ìwé tí a fi Word kọ sì máa ń tọ́jú orúkọ ẹni tó ni kọ̀ǹpútà. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ tún ọ̀rọ̀ tó wà nínú ìwé náà tẹ̀ fúnra yín, ẹ má fi ìwé náà gan-an ránṣẹ́.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí èdè, nítorí pé ibẹ̀ ni àwa tó ń kọ Yorùbá ti máa ń tú ara wa fó jù, tí ìtọ́sọ́nà àwọn òyìnbó kò sì lè kọ́ wa. Ẹni tó kọ "ulé" níbi tí ẹlòmíràn ti ń kọ "ilé" ti sọ pé Èkìtì tàbí Ìjẹ̀ṣà ni òun. Ẹni tó fi àmì ohùn sórí gbogbo ọ̀rọ̀ ti fi ara rẹ̀ sínú àwọn díẹ̀ tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, nínú ọ́fíìsì kan wọ́n sì lè má ju méjì lọ. Ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ ló wá léwu jù lọ. Bí lẹ́tà bá sọ pé "alága pè mí, wọ́n ní kí n fọwọ́ sí i", a ti mọ̀ pé ẹni tó kọ ọ́ kéré sí alága, alága sì pè é. Bó bá sọ pé "ó ní kí n fọwọ́ sí i", àgbà ni tàbí ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ kọ gbólóhùn kúkúrú, tí kò ní òwe tí ẹ fẹ́ràn, tí kò ní "èmi". Ẹ kọ pé "a fọwọ́ sí ìwé náà ní ọ́fíìsì alága", kí ẹ sì gbé e sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí ẹ tó tún un kà bí ẹni pé alága ni yín.

Ní ti ẹni tí a kọ lẹ́tà sí, ìlà "To" ló kọ́kọ́ ń tú u fó. Bí ẹ bá ń kọ̀wé sí oníròyìn mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ fi àdírẹ́sì wọn sí "Bcc", kí ẹnì kan má baà mọ àwọn yòókù; ṣùgbọ́n ó sàn kí ẹ rán an lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó ń lo PGP, ọ̀nà tí a fi ń fi kọ́kọ́rọ́ ti ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà, máa ń gbàgbé pé lẹ́tà tí a tì máa ń gbé nọ́ńbà kọ́kọ́rọ́ ẹni tó lè ṣí i sí ìta, tí ẹni tó bá rí i lójú ọ̀nà á fi mọ ẹni tó ń lọ bá. Nínú GnuPG, ètò kan tí a fi ń ṣe PGP, ẹ lo "--hidden-recipient" dípò "--recipient", nọ́ńbà náà á sì pòórá. Ìlà "Subject", tó ń sọ kókó lẹ́tà náà, sábà máa ń wà níta láìtì: ẹ má ṣe kọ "Owó kànga tí wọ́n jí" síbẹ̀. Thunderbird, ètò ímeèlì kan, lè tì í, yóò sì fi "..." sí ipò rẹ̀. Àwọn kan tilẹ̀ ti rí ọ̀nà tí ẹni tó ń gba èsì kò fi ní àdírẹ́sì rárá: wọn á gbé lẹ́tà tí a tì sí alt.anonymous.messages ní Usenet, pátákó ìkéde gbangba lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, gbogbo ènìyàn á kó gbogbo lẹ́tà tó wà níbẹ̀, ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ nìkan ni yóò sì lè ṣí tirẹ̀.

Ẹ̀yin akọ̀ròyìn àti agbẹjọ́rò, ọwọ́ yín ni ẹ̀mí ẹni tó kọ̀wé wà. Ẹ ṣètò ímeèlì yín kí ó má ṣe máa ṣí àwòrán tó wá láti ìta fúnra rẹ̀, nítorí àwòrán tó kéré tí ojú kò lè rí lè sọ fún ẹlòmíràn wákàtí tí ẹ ka lẹ́tà àti ibi tí ẹ ti kà á. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ má ṣe fi ìwé tí wọ́n fún yín hàn fún ilé-iṣẹ́ tí ìwé náà ń tú fó. Ní ọdún 2017, ilé ìròyìn kan fi ẹ̀dà ìwé àṣírí kan han àwọn aláṣẹ Amẹ́ríkà láti béèrè bóyá òótọ́ ni. Àwọn yẹn rí i pé ìwé náà ní àmì pé a ti ká a, èyí tó túmọ̀ sí pé ẹnì kan tẹ̀ ẹ́ jáde lórí bébà. Wọ́n wo àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ, wọ́n rí i pé ènìyàn mẹ́fà péré ló tẹ̀ ẹ́. Ọ̀kan nínú wọn ti kọ ímeèlì rí sí ilé ìròyìn náà láti orí kọ̀ǹpútà ibi iṣẹ́. Ọmọbìnrin náà lọ sẹ́wọ̀n. Ẹ fi ẹnu béèrè ohun tí ìwé náà sọ, kí ìwé fúnra rẹ̀ má kúrò lọ́wọ́ yín.

Bí ilé ìròyìn bá ní SecureDrop, ibi tí a ti lè fi ìwé sílẹ̀ fún akọ̀ròyìn láìlórúkọ, bí The Guardian àti The New York Times ti ní, ẹ fi ímeèlì sílẹ̀ kí ẹ sì lo ìyẹn. Inú Tor ni ẹ óò gbà wọlé, wọn á fún yín ní ọ̀rọ̀ méje tí ẹ máa há sórí, ibẹ̀ náà ni èsì yóò sì ti máa dúró dè yín, láìsí àdírẹ́sì kankan.

Bó bá jẹ́ ímeèlì náà ni ẹ óò lò, ẹ kọ́kọ́ dán an wò. Ẹ fi Tor ṣí àkáǹtì kejì, ẹ fi lẹ́tà náà, pẹ̀lú fáìlì tó so mọ́ ọn, ránṣẹ́ síbẹ̀, kí ẹ sì ka gbogbo ìlà òkè rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè bí mo ṣe fi hàn níbẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá rí orúkọ yín, nọ́ńbà IP yín, tàbí +0100, ẹ dúró, kí ẹ wá ibi tó ti jò. Bí ẹ kò bá rí wọn, ẹ rán an sí ẹni tó ni ín, ẹ pa Tor Browser dé, kí ẹ má sì padà sí àkáǹtì náà títí ẹ óò fi tún wà níbi tó jìnnà sí ilé àti ọ́fíìsì, láìsí fóònù lọ́wọ́ yín.